Ẹ̀ṣọ́ Màmá Kátíkíìsì

Nígbà tí Adégbìtẹ́ wá sọ fún Màmá Kátíkíìsì pé òun ti rí iṣẹ́ tuntun, iṣu ni ìyá náà ń bẹ lọ́wọ́ lẹ́yìnkùlé. Kò gbé ojú sókè.

"Iṣẹ́ kí ni?"

"Olóyè Adéjùmọ̀ ni mo fẹ́ máa tẹ̀ lé kiri, Màmá. Ọ̀rọ̀ ìbò yìí ti ń gbóná. Wọ́n ní àwọn fẹ́ ẹni tó mọ ìjà, tí yóò máa wà lẹ́yìn àwọn níbikíbi tí wọ́n bá lọ."

"Mo ní iṣẹ́ kí ni? Kí ni wọ́n ń pe ẹni tó ń ṣe é?"

Ọdún 1979 nìyẹn, ọdún tí àwọn ṣọ́jà ń múra àtigbé ìjọba padà fún alágbádá. Ní gbogbo agbègbè Òsì títí dé Ìlọ́fà, ẹgbẹ́ òṣèlú ti pín àwọn ará ilé kan náà sí méjì. Adégbìtẹ́ ti lé díẹ̀ lọ́gbọ̀n ọdún. Ó ti ja ogun abẹ́lé, wọ́n sì ti dá a sílẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ ológun. Igi lílà ló ń ṣe ní igbó ẹ̀yìn Kòrò. Apá rẹ̀ tóbi bí itan ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n bó ṣe ga tó yẹn, bó bá dé iwájú Màmá Kátíkíìsì, ọmọ ọdún mẹ́fà ló tún ń dà.

Ọmọ ọdún mẹ́fà náà ló sì jẹ́ lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wọ ilé yẹn. Ìyá rẹ̀ ti kú sórí ìkúnlẹ̀, bàbá rẹ̀ ti bá àwọn aláṣíkiri lọ sí Gánà, kò sì padà wá mọ́. Leah, aya kátíkíìsì ìjọ Áńgílíkà ìlú Òsì, ló mú un lọ́wọ́ láti ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì lọ sílé. Nígbà tí Leah bí Damaris, inú àwo kan náà ni àwọn ọmọ méjèèjì ti ń jẹun. Lórí ilẹ̀ ilé ìdáná ni Leah ti fi èédú kọ́ Adégbìtẹ́ ní a, b, d. Ẹni tó bá bi í pé ta ni ìyá rẹ̀, Leah ni yóò dárúkọ.

Àṣà kan sì wà lára Leah tí gbogbo ìlú mọ̀. Ó ti kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì ìrìbọmi fún ọgbọ̀n ọdún, kì í sì í jẹ́ kí ènìyàn fi ọ̀rọ̀ gba ọ̀rọ̀ kọjá. Ohun gbogbo ni yóò ní kí o pe orúkọ rẹ̀ gan-an.

"Bọ́dígáàdì ni wọ́n ń pè é, Màmá."

"Ìyẹn kì í ṣe èdè wa. Pè é fún mi lédè tí mo gbọ́."

Adégbìtẹ́ rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀ṣọ́."

Ọwọ́ Leah dúró lórí iṣu. "Ẹ̀ṣọ́ kẹ̀? Ẹni tí ọba bá fún lóyè ni ẹ̀ṣọ́, tí gbogbo ìlú mọ̀ pé bí ogun bá dé, òun ni yóò kọ́kọ́ kú. Ta ló fi ọ́ jẹ ẹ̀ṣọ́?"

"Ó dáa, ẹ jẹ́ kó jẹ́ olùṣọ́."

"Olùṣọ́ a máa ṣọ́ àgùntàn, a máa ṣọ́ oko. Ohun tí kò lè ṣọ́ ara rẹ̀ là ń ṣọ́. Ṣé Adéjùmọ̀ ò lè ṣọ́ ara rẹ̀ ni?"

Damaris, tó ti di tíṣà nígbà náà, tó sì wá kí ìyá rẹ̀ láti Kòrò, bú sẹ́rìn-ín lẹ́nu ọ̀nà. "Ọlọ́dẹ ńkọ́, Màmá? Ẹ jẹ́ kí Bọ̀ọ̀dá máa jẹ́ ọlọ́dẹ."

"Ọlọ́dẹ ń ṣọ́ ọjà. Mẹ́gáàdì ń ṣọ́ géètì. Aláàbò sì rèé, Ọlọ́run nìkan ni mo mọ̀ tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀." Ìyá náà tún mú ọ̀bẹ rẹ̀. "Ó ku orúkọ kan. Ìyẹn, mi ò ní fi ẹnu ara mi pè é mọ́ ọmọ tí mo tọ́."

Kò sẹ́ni tí kò mọ orúkọ tó kù. Tọ́ọ̀gì ni.

Ọ̀rọ̀ náà ta Adégbìtẹ́ lára, ṣùgbọ́n kò torí rẹ̀ kọ iṣẹ́ náà. Igi lílà ti sú u. Ó fẹ́ kí wọ́n rí òun pẹ̀lú aṣọ tó dá ṣáṣá, kí àwọn ènìyàn máa yàgò fún òun lójú títì. Ó sì sọ ọ́ nínú ara rẹ̀ pé lọ́jọ́ kan, Màmá yóò fẹnu ara rẹ̀ pe òun ní ẹ̀ṣọ́.

Olóyè wọlé ìbò lọ́dún náà, Adégbìtẹ́ sì tẹ̀ lé e fún ọdún mẹ́rin gbáko. Ọlọ́pàá kan tó ti fẹ̀yìn tì ló kọ́ ọ níṣẹ́. Ọkùnrin náà ní, "Má wojú ẹnikẹ́ni. Ojú a máa tanni jẹ. Ọwọ́ ni kí o máa wò. Ọwọ́ tó bá ti nà wá sọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ, gbá a dànù, kí o tó bèèrè pé ta ló ni ín." Adégbìtẹ́ mọ ẹ̀kọ́ náà dáadáa. Nígbà tó máa fi di ọdún kejì, bí èrò bá pé lé wọn lórí, kì í rí ènìyàn mọ́, ọwọ́ ló ń rí.

Orúkọ tí wọ́n ń pè é ń yí padà bí ojú ọjọ́. Nílé Olóyè, bọ́dígáàdì ni. Bó bá dé Kòrò tó ra ẹmu fún àwọn tí wọ́n jọ ń la igi tẹ́lẹ̀, wọn á ní, "Ẹ̀ṣọ́ wa ti dé o!" Àwọn obìnrin tó ń ta gaàrí ní Àràrọ̀mí-Ọ̀pin máa ń pè é ní ẹmẹ̀wà Olóyè, bí ẹni pé ààfin ló ti ń ṣiṣẹ́. Lẹ́nu àwọn ẹgbẹ́ kejì, tọ́ọ̀gì ni kò sí òmíràn, wọn a sì máa pè é ketekete kó lè gbọ́. Nílé Màmá Kátíkíìsì nìkan ni iṣẹ́ rẹ̀ kò ti ní orúkọ kankan. Bó bá lọ síbẹ̀, ìyá náà yóò bi í bóyá ó ti jẹun, yóò bi í nígbà tó máa fẹ́ ìyàwó, kò sì ní mẹ́nu kan Olóyè rárá. Nígbà tó yá, àlọ rẹ̀ sí ilé náà dínkù. Lọ́dún 1983, oṣù mẹ́ta kọjá tí kò fojú kan Leah.

Oṣù keje ọdún náà ni ìbò tún kù sí dẹ̀dẹ̀. Olóyè lọ bá àwọn ará Ìlọ́fà sọ̀rọ̀ ní pápá ilé ẹ̀kọ́ kan. Òjò ti rọ̀ láàárọ̀, ilẹ̀ ṣì tutù, èrò pọ̀ bí eéṣú. Láti ìgbà tí Olóyè ti gbé ẹnu lé ọ̀rọ̀ ni àwọn kan ti ń hó lẹ́yìn pápá. Bó ṣe parí ọ̀rọ̀, ẹnì kan ju ìgò, ó fọ́ sára pátákó tí wọ́n gùn. Gbogbo èrò dà wá síwájú lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn kan fẹ́ sá, àwọn kan fẹ́ fọwọ́ kan Olóyè. Olóyè gbá èjìká Adégbìtẹ́ mú.

"Gbìtẹ́, lànà! Lànà ká lọ!"

Adégbìtẹ́ fi àyà sí i, ó ń la èrò sí méjì. Ọkọ̀ ti wà létí gọ́tà, Sùnmọ́nù awakọ̀ ti tan án sílẹ̀. Ó ku bí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà kí wọ́n dé ibẹ̀ nígbà tí ọwọ́ kan ti apá òsì yọ. Agboòrùn ló wà nínú ọwọ́ náà, ẹnu rẹ̀ mú ṣóńṣó, ó sì nà wá tààrà. Ọwọ́ kejì gbá a lápá aṣọ mú. Kò wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó fi ìgúnpá gbún ẹni náà, gbogbo agbára igi lílà wà nínú ìgúnpá yẹn, ẹni náà sì fẹ̀yìn lọ.

Ó ti ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀ fún Olóyè nígbà tó gbọ́ ọ.

"Gbìtẹ́ mi o!"

Ẹnì kan ṣoṣo ló ń fi "mi" sí i láyé. Ó yíjú padà. Leah wà nínú gọ́tà, ó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, gèlè rẹ̀ ti bọ́, irun rẹ̀ funfun nínú ẹrẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún kọ síbi tí ẹsẹ̀ kì í kọ sí. Ó gbé ojú sókè, ojú wọn ṣe mẹ́rin.

Olóyè kígbe láti inú ọkọ̀ pé, "Kí lò ń wò? Wọlé!"

Kò ju ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan lọ. Lẹ́yìn ìgbà náà, Adégbìtẹ́ ti tún ìṣẹ́jú àáyá wọ̀nyẹn rò lọ́kàn lọ́nà púpọ̀. Nígbà mìíràn á bẹ́ sínú gọ́tà, á gbé ìyá rẹ̀ pọ̀n. Nígbà mìíràn á ní kí Olóyè sọ̀ kalẹ̀ kí wọ́n fi ọkọ̀ náà gbé e lọ sí ọsibítù. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà gan-an, ó wọlé, ó sì ti ilẹ̀kùn.

Wọn kò tíì jìnnà tí Sùnmọ́nù fi ní, "Ẹ̀gbọ́n, ó dà bíi pé ìyá àgbàlagbà kan ṣubú lẹ́yìn yẹn o."

"Wa ọkọ̀ ẹ," ni Olóyè wí.

Adégbìtẹ́ ń wo ọwọ́ ara rẹ̀ lórí orúnkún.

Ojú ọ̀nà Odò-Ọwà ni wọ́n gbà. Ní kọ́nà kan tí igbó ti bo ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ìtì igi ńlá kan dábùú títì. Kí Sùnmọ́nù tó lè tẹ bíréèkì dáadáa, òkúta ti ń rọ̀ bí yìnyín. Adégbìtẹ́ ṣe ohun tí wọ́n kọ́ ọ. Ó fi gbogbo ara bo Olóyè mọ́lẹ̀ lórí ìjókòó ẹ̀yìn. Òkúta bà á lẹ́yìn, ó bà á lórí, kò kúrò. Ó gbọ́ tí gíláàsì iwájú fọ́, ó gbọ́ tí Sùnmọ́nù ké. Awakọ̀ náà fi ojú kan tó ṣẹ́kù rí ọ̀nà, ó fi ẹ̀yìn wa ọkọ̀ jáde títí tí wọ́n fi bọ́.

Kò sí ọgbẹ́ kankan lára Olóyè. Nígbà tí wọ́n délé, tí ara rẹ̀ balẹ̀, ó di Adégbìtẹ́ lọ́wọ́ mú níwájú gbogbo àlejò. "Ẹ wo ọkùnrin yìí dáadáa," ló wí. "Ẹ̀ṣọ́ gidi nìyí!"

Ọdún mẹ́rin ni Adégbìtẹ́ ti ń dúró de ọ̀rọ̀ náà. Nígbà tó dé, ó ní òun fẹ́ lọ fọ ẹ̀jẹ̀ orí òun, ó sì bọ́ sẹ́yìn ilé.

Lọ́jọ́ kẹta ló lọ wo Sùnmọ́nù ní ọsibítù. Wọ́n ti yọ ojú ọ̀tún rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà kò sunkún, kò sì bínú sí ẹnikẹ́ni. Ọ̀rọ̀ kan ṣáá ló ń yí padà lẹ́nu.

"Ẹ̀gbọ́n, ìyá yẹn. Mo wo díńgí bí a ṣe ń lọ. Ibi tó wà nílẹ̀ nínú gọ́tà yẹn, ó ń na ọwọ́. Mo rò pé ó ń bẹ̀bẹ̀ ni. Àṣé ọ̀nà Odò-Ọwà ló ń nà án sí. Ó mọ̀, ẹ̀gbọ́n. Ó ti mọ ohun tó wà níwájú wa. Ó fẹ́ sọ fún wa ni."

Adégbìtẹ́ jókòó sẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì.

Sùnmọ́nù bi í pé, "Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n ni?"

"Rárá," ni Adégbìtẹ́ dáhùn.

Ẹ̀ẹ̀kejì tó sẹ́ ẹ nìyẹn.

Ẹni tó bá gbọ́ ìtàn yìí lè rò pé ọjọ́ kejì ló sáré lọ sí Òsì. Kò lọ. Ó ní kí ìbò kọjá ná. Ìbò kọjá, Olóyè tún wọlé, ó ní kí àjọyọ̀ parí ná. Àjọyọ̀ parí, ó ní ojú ń ti òun, kí ọ̀rọ̀ tutù díẹ̀. Ó gbọ́ lẹ́nu èrò ọkọ̀ pé Màmá Kátíkíìsì kán nítan, pé ọ̀dọ̀ oníṣègùn eegun kan ní Odò-Ọwà ló wà. Ó kọjá ní Odò-Ọwà lẹ́ẹ̀mejì nínú ọkọ̀ tuntun Olóyè, kò ní kí wọ́n dúró.

Ọjọ́ tó kẹ́yìn ọdún náà, àwọn ṣọ́jà gbàjọba. Kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé, wọ́n ti wá mú Olóyè lọ. Àwọn tó ń jẹun nílé rẹ̀ fọ́n ká bí ẹyẹ. Adégbìtẹ́ dúró nínú ọgbà náà pẹ̀lú àpò aṣọ rẹ̀, kò sí ẹni tó kù láti ṣọ́. Nígbà tí iṣẹ́ tán ni ó tó rántí ọ̀nà ilé ìyá. Òun fúnra rẹ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì mọ̀ pé gbogbo ayé ni yóò mọ̀.

Ọyẹ́ mú gan-an lọ́jọ́ tó dé Òsì. Leah jókòó lórí bẹ́ǹṣì níwájú ilé, ọ̀pá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Itan náà ti jinná, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ kan ti kúrú ju èkejì lọ. Damaris, tó ṣì wà ní họlidé, ló kọ́kọ́ rí i.

"Bọ̀ọ̀dá Gbìtẹ́! Ibo lẹ wọlé sí látọjọ́ yìí? Ẹ ò gbọ́ pé Màmá yọ̀ ṣubú nínú ẹrẹ̀ ní Ìlọ́fà? Díẹ̀ ló kù ká pàdánù wọn!"

Adégbìtẹ́ wo Leah. Leah ń wo ibòmíràn.

"Lọ bu omi fún ọkùnrin náà," ni ìyá náà wí. "Ọ̀nà jìn."

Bí Damaris ṣe wọlé, Adégbìtẹ́ dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú eruku. Ó fi iwájú orí kan ilẹ̀. "Màmá, èmi ni mo..."

"Mo mọ̀. Ṣé ojú mi fọ́ ni? Dìde, àwọn ènìyàn ń kọjá."

Kò dìde. "Kí ló dé tí ẹ sọ pé ẹ yọ̀?"

"Òjò rọ̀ lọ́jọ́ náà. Irọ́ náà ò tóbi púpọ̀." Ìyá náà gbé ọ̀pá rẹ̀ lé itan. "Ìpàdé àwọn obìnrin ìjọ ni mo ń bá lọ sí Ìlọ́fà. Nígbà tí ọkọ̀ wa dé kọ́nà yẹn, mo rí igi náà létí títì, mo rí òkúta tí wọ́n kó jọ. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń bi awakọ̀ wa bóyá Adéjùmọ̀ ṣì ń sọ̀rọ̀. Mo sọ̀ ní ìdíkọ̀, mo sáré wá sí pápá. Sísáré ọ̀hún kì í ṣe ti ọjọ́ orí mi mọ́. Awakọ̀ yín ńkọ́? Mo gbọ́ pé wọ́n ba ojú rẹ̀ jẹ́."

"Ojú ọ̀tún rẹ̀ lọ, Màmá."

Leah kò tíì sunkún láti ìgbà tó ti rí i. Nísinsìnyí omi bọ́ lójú rẹ̀, ó fi etí ìró nù ún. "Ọmọ ọlọ́mọ," ló wí. "Ká ní mo kígbe jù bẹ́ẹ̀ lọ."

"Ẹ jẹ́ kí n sọ fún Damaris."

"Láti ṣe kí ni? Kó lè máa gbé ìkòkò ìbínú kiri? Bó bá gbọ́, kò ní jẹ́ kí o tẹ ilé yìí mọ́. Ó ń padà sí Kòrò lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ta ni yóò wá máa pọn omi fún mi?" Ó fẹ́ fi ṣẹ̀fẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà ò dé ojú rẹ̀. "Gbọ́, Gbìtẹ́. Títì tí o tì mí, o ò mọ̀ pé èmi ni. Ìyẹn ti tán lára mi. Ṣùgbọ́n o yíjú padà, o rí mi, o sì wọ ọkọ̀. Mo ti gbàdúrà lé e lórí títí, ó ṣì ń dùn mí. Mi ò fẹ́ purọ́ fún ọ."

Damaris gbé omi dé. Adégbìtẹ́ mu ún.

Ó padà sí ilé náà, ó ń gbé yàrá tó ti gbé nígbà ọmọdé. Ó padà sí igi lílà. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, omi ti kún àmù Màmá. Ó dá oko iṣu fún un, ó tún òrùlé rẹ̀ ṣe. Ní ọjọ́ ìsinmi tí òjò bá ba ọ̀nà jẹ́, ó máa ń pọ̀n ọ́n sẹ́yìn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì bí ọmọ ọwọ́, Leah á sì máa fi ọ̀pá gbá a lẹ́sẹ̀ pé kó rọra. Àwọn ará ìlú rí i, ó wú wọn lórí. Òkìkí tí kò rí gbà lọ́dọ̀ Olóyè, ọ̀dọ̀ ìyá arọ ló ti rí i gbà.

"Ẹ wo ẹ̀ṣọ́ Màmá Kátíkíìsì," ni wọ́n ń wí bí wọ́n bá ti rí wọn. "Ọmọ tí ẹ tọ́ kò gbàgbé yín, Màmá."

Leah á ní, "Ẹ ṣeun." Kì í fi kún un, kì í sì í yọ kúrò nínú rẹ̀. Bí Màmá bá wà lẹ́yìn rẹ̀ lásìkò náà, Adégbìtẹ́ á mọ̀ pé ara ìyá náà le díẹ̀, bí ẹni tí nǹkan gún, kó tó tún rọ̀.

Lọ́pọ̀ ìgbà ló múra pé bí Damaris bá dé lópin ọ̀sẹ̀, òun á sọ ọ́. Damaris á dé, á gbé ẹja tútù àti búrẹ́dì wá, á ní, "Bọ̀ọ̀dá, Ọlọ́run ló fi yín jíǹkí wa, mi ò bá ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ torí Màmá." Ọ̀rọ̀ náà á tún padà wọ inú rẹ̀ lọ. Ó máa ń sọ fún ara rẹ̀ pé Màmá ló ní kóun má sọ ọ́. Òótọ́ ni, Màmá ló ní bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé àṣẹ náà rọ òun lọ́rùn jù.

Oṣù kẹsàn-án ọdún 1986 ni Leah kú. Ibà ló kọ́kọ́ ṣe é, kò ju ọjọ́ mẹ́rin lọ. Lọ́jọ́ kẹta, ó mú Adégbìtẹ́ lọ́wọ́, ó ní kó má jẹ́ kí ewúrẹ́ jẹ ẹ̀fọ́ òun. Ó tún bi í nípa Sùnmọ́nù, bóyá ó ti níyàwó. Kò sọ ọ̀rọ̀ ìkẹyìn tó ju ìyẹn lọ.

Ní ìrọ̀lẹ́ tó ṣáájú ìsìnkú, Damaris jókòó sídìí tábìlì pẹ̀lú ìwé àti bírò. Ìtàn ayé Màmá ló ń kọ, èyí tí wọn yóò kà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní kí Adégbìtẹ́ jókòó kó bá òun gbọ́ ọ, bóyá òun ṣi nǹkan kọ. Ó kà á láti ìbẹ̀rẹ̀: ọdún tí wọ́n bí i, ilé ẹ̀kọ́, ìgbéyàwó, kíláàsì ìrìbọmi. Ó wá dé ìparí.

"'Ó fi ọmọ kan sáyé, Damaris, àti ọmọ kan tí ó tọ́, Adégbìtẹ́, ẹni tí ó jẹ́ ẹ̀ṣọ́ rẹ̀ títí di ọjọ́ ikú.'"

"Pa ìyẹn rẹ́," ni Adégbìtẹ́ wí.

"Èwo?"

"Ẹ̀ṣọ́ yẹn."

Damaris rẹ́rìn-ín pẹ̀lú ojú tó ti wú fún ẹkún. "Mo mọ̀ pé Màmá kì í fẹ́ ọ̀rọ̀ yẹn. Ẹ jẹ́ kí n wá òmíràn. Olùtọ́jú? Alábòójútó?" Ó fi bírò tẹ àgbọ̀n. "Alátìlẹ́yìn ńkọ́? Tàbí kí n kúkú kọ aláàbò, kí Ọlọ́run dárí jì mí."

"Damaris, má kọ ọ̀kankan níbẹ̀."

"Kí ló dé, Bọ̀ọ̀dá? Ó tọ́ sí yín. Gbogbo ìlú ló mọ̀ pé ó tọ́ sí yín."

Ó sì sọ ọ́. Kò mọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Ó sọ ti ìgò, ti agboòrùn, ti ìgúnpá. Nígbà tó dé ibi tí òun ti yíjú padà, kò fo ibẹ̀. Ó ní òun rí i, òun mọ̀ pé Màmá ni, òun sì wọ ọkọ̀. Ó ní gbogbo ìgbà tí wọ́n sọ pé ó yọ̀, Màmá ló ń bo òun.

Damaris kò kígbe, bẹ́ẹ̀ ni kò dìde. Ó ń wo ìwé tó wà níwájú rẹ̀ títí, ó dà bíi pé ó ń wá àṣìṣe kan níbẹ̀. Láti òde, wọ́n ń gbọ́ tí àwọn obìnrin ìjọ ń gún iyán.

"Ó kígbe?" ló bèèrè nígbà tó yá.

"Ó pè mí."

"Kí ló wí?"

Adégbìtẹ́ ò fẹ́ sọ ọ́. "Ó ní, 'Gbìtẹ́ mi o.'"

Damaris mi orí. Ó mú bírò, ó fa ìlà gbọọrọ sórí ọ̀rọ̀ náà àti gbogbo ohun tó tẹ̀ lé e, ó fi orúkọ nìkan sílẹ̀. Ó ní, "Ẹ lọ bá wọn wo àga tí wọ́n ń tò. Wọn ò ní tó."

Lọ́jọ́ kejì, àlùfáà kà á ní ṣọ́ọ̀ṣì: ọmọ kan, Damaris, àti ọmọ kan tí ó tọ́, Adégbìtẹ́. Àwọn kan wo ara wọn, wọ́n ń retí ìyókù. Obìnrin kan tó jókòó lẹ́yìn sọ ọ́ jẹ́jẹ́ pé wọn ò yin ọkùnrin náà tó. Adégbìtẹ́ tẹrí ba. Òun wà lára àwọn tó gbé pósí.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Damaris kó ẹrù ìyá rẹ̀ lọ sí Kòrò. Kò lé Adégbìtẹ́ kúrò nínú ilé, ó ní ẹni tó tún òrùlé ṣe ló yẹ kó wà lábẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, "Ọ̀gbẹ́ni Adégbìtẹ́" ló ń pè é, bí ẹni tó ń pe àlejò nínú ọ́fíìsì.

Ọdọọdún, lẹ́yìn Kérésìmesì, Adégbìtẹ́ máa ń gbé iṣu lọ fún un. Ọdún méjì àkọ́kọ́, ẹnu ọ̀nà ló ti ń gbà á, á dúpẹ́, á wọlé. Lọ́dún 1989, Damaris ti bímọ obìnrin kan. Adégbìtẹ́ ò gbọ́ títí ọmọ fi pé oṣù mẹ́ta. Ẹnu Sùnmọ́nù, tó ń ta ẹ̀yà ara kẹ̀kẹ́ ní ìdíkọ̀ Àràrọ̀mí-Ọ̀pin, ló ti gbọ́ ọ. Ó ti sọ òótọ́ fún Sùnmọ́nù náà ṣáájú àkókò yẹn, Sùnmọ́nù sì ti kọ̀ láti bá a sọ̀rọ̀ fún bí ọdún kan kó tó tún ń kí i.

Ó gbé iṣu, ó lọ sí Kòrò. Damaris ní kó wọlé lọ́jọ́ náà, ó fún un lómi. Ọmọ náà ń sùn lórí ẹní. Adégbìtẹ́ wò ó láti orí àga tó jókòó sí, kò sún mọ́ ọn, wọn ò sì ní kó gbé e.

"Kí ni ẹ sọ ọ́?" ló bèèrè.

"Leah," ni Damaris dáhùn.

Ó ní orúkọ náà dára. Ó jókòó díẹ̀ sí i, ó bèèrè nípa ilé ẹ̀kọ́, wọ́n sọ̀rọ̀ nípa ọ̀dá tó mú oko lọ́dún náà. Nígbà tí òrùn bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀, ó dìde, ó ní òun ń lọ kí ọkọ̀ má bàa tán. Damaris sìn ín dé etí ọgbà, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.